Kìnnìún Ọba Glele: Ère Kan àti Ohun tí Ó Ń Wí

Ère kan wà tí a fi igi gbẹ́, tí gíga rẹ̀ tó ti géńdé ọkùnrin. Orí kìnnìún ni orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó fi dúró. Ó gbé apá méjèèjì sókè, ó di ìkúùkù, bí ẹni tí ó ti múra ìjà. Sossa Dede ni a gbà pé ó gbẹ́ ẹ. Ọba tí ère náà dúró fún ni Glele, ẹni tí ó jọba ní Àgbómè, olú-ìlú Dàhòmì, láti 1858 títí di 1889. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ ìtàn ère yìí, nítorí pé ọba náà kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa.

Ẹ má ṣe rò pé nítorí ẹwà nìkan ni agbẹ́gilére fi orí ẹranko sí ọrùn ọba. Ní Dàhòmì, nígbà tí ọba bá gun orí ìtẹ́, a máa mú àwọn orúkọ agbára fún ara rẹ̀, inú gbólóhùn ọ̀rọ̀ ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sì ti ń jáde. Orúkọ náà Glele wá láti inú ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó lè gbé oko tí a ti ro kúrò nílẹ̀. Nínú orúkọ mìíràn, ó fi ara rẹ̀ wé ọmọ kìnnìún tí ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀tá. Nítorí náà, bí ẹni tí kò mọ̀wé bá rí àwòrán kìnnìún lára aṣọ tí àwọn aránṣọ ọba rán, tàbí lára ògiri amọ̀ ààfin, ó ti gbọ́ iṣẹ́ tí ọba rán sí i. Àrokò ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti í fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ ránṣẹ́ sí ara wọn. Gezo, bàbá Glele, lo ìkòkò tí a dá lu: bí gbogbo ọmọ ìlú bá fi ìka dí ihò rẹ̀, omi kò ní í jò. Béhanzin, ọmọ Glele, mú ẹja ekurá, apanijẹ inú òkun, nítorí àwọn Faransé tí wọ́n ń gba etí òkun wọlé.

Etí Yorùbá kò ní ṣàì mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Kinikini ni àwọn Fọ̀n ń pe kìnnìún. Fa tí àwọn ọba Àgbómè ń bi léèrè kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun tí ó ní láárí, Ifá ti ilẹ̀ wa náà ni. (Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe da Dàhòmì, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, pọ̀ mọ́ ìlú Bìní ti àwọn Ẹ̀dó. Ẹkùn ni ẹranko ọba ti Bìní.)

Ṣùgbọ́n kìnnìún náà bu wá jẹ. Ní 1851 Gezo ti gbé ogun wá sí Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà. Ní 1862 Glele run Ìṣagà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà 1864 òun náà dé ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn ọmọ-ogun rẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, a sì ṣẹ́gun wọn níbẹ̀. Kétu ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1886, lẹ́yìn tí ogun ti dó ti ìlú náà fún ìgbà pípẹ́, Kétu tú, a sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómè. Ìgbà tí agbára Àgbómè wó ni àwọn tí ó kù tó padà wá tún ilé baba wọn kọ́. Ẹnu-ọ̀nà odi wọn àtijọ́, tí a ń pè ní Àkábà Ìdènà, wà níbẹ̀ di òní.

Ẹni tí ó kó ni lẹ́rú náà rí akóni. Ní oṣù Bélú 1892 àwọn ọmọ-ogun Faransé tí Ọ̀gágun Alfred Dodds ṣáájú wọ Àgbómè, Béhanzin sì ti dáná sun ààfin kí wọ́n tó dé. Dodds kó ère, ìtẹ́ àti ilẹ̀kùn ààfin, ó sì fi wọ́n ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris lọ́rẹ. Kìnnìún Glele wà níbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Òfin ilẹ̀ Faransé ka ohun inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ̀ǹda, nítorí náà ó di dandan kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin pàtàkì ní oṣù Ọ̀pẹ 2020. Ní ọjọ́ 10 oṣù Bélú 2021, ohun 26 gúnlẹ̀ sí Kútọ̀nù, kìnnìún náà sì wà lára wọn. Ní 2022 a pàtẹ wọn nínú ààfin Ààrẹ, àwọn ènìyàn sì rọ́ wá wò wọ́n.

Ìbéèrè tí ó kù le díẹ̀. Lórúkọ gbogbo ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni a fi gba kìnnìún náà padà, ọmọ Kétu àti ọmọ Sábẹ̀ẹ́ sì jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ Kétu yọ̀ nígbà tí àmì ẹni tí ó tú ìlú baba rẹ̀ bá padà wálé? Ní èrò tiwa, ó lè yọ̀, nítorí pé ọwọ́ tí ó gbẹ́ igi náà mọ iṣẹ́, àti pé ẹni tí ó kó o lọ kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí a bá gbé ère náà sí, kí a kọ orúkọ Ìṣagà àti ti Kétu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọmọdé tí ó bá ń wò ó lè mọ ẹni tí kìnnìún náà ń di ìkúùkù sí.

Gbogbo ẹrù Dàhòmì kọ́ ni ó tíì padà ní ọjọ́ náà. Ère irin Gu, ẹni tí àwa ń pè ní Ògún, èyí tí Akati Ekplékendo rọ, kò sí lára àwọn 26 náà.