Okun Inú Bátìrì

"Agbára bátìrì yẹn pé, kò kàn lágbára ni." Báyìí ni ọ̀gbẹ́ni kan ṣe dá onímọ́tò lóhùn lórí rédíò, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a ń ti Òṣogbo lọ sí Iléṣà. Kí ló pé, kí ni kò sí? Ó tún ní "àtakò" ló wà nínú bátìrì náà. Àtakò! Àfi bí ẹni pé wọ́n ń dìbò níbẹ̀.

Ohun tó fẹ́ sọ yé mi. Bátìrì ọkọ̀ tó ti gbó lè fi fólítì 12.6 han mítà bíi tuntun, nítorí ohun tí mítà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ìtọ́wò lọ. Ẹ wá ṣáná sí mọ́tò: sítátà lè gba 150 ámpíà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí nǹkan funfun bá ti dì mọ́ òjé inú rẹ̀, tí ìdíwọ́ inú, ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn pè ní àtakò, ti kúrò ní 0.01 óòmù tó di 0.03, fólítì 4.5 á run sínú kó tó kan sítátà. Mítà kan náà á wá ka 8.1.

Rewáyà kan ní Iléṣà ló fún mi lọ́rọ̀ tó tọ́. "Bàbá, ẹ má wo mítà yẹn o. Kò lè gbé lóòdù." Gbé! Okun inú la sáà fi ń gbé tìta.

Okun lọ̀rọ̀ tí mo ń wá. A máa ń gbàdúrà fún "okun àti agbára", àwọn oníwàásù sì rò pé àwítúnwí ni. Rárá o. Agbára ìjọba ń bẹ. Ta ló gbọ́ okun ìjọba rí? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn lè sanra, kójú rẹ̀ máa dán. Ẹ gbé korobá omi lé e lórí ná, ẹ ó mọ̀ bóyá okun rẹ̀ ti padà. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ ohùn: òkun ni Ajíbógun bu omi rẹ̀ wá fún ojú Odùduwà, tí wọ́n fi ń pe Ọwá Iléṣà ní Obòkun; okùn ni rewáyà ń so mọ́ orí bátìrì.)

Nígbà èwe wa, bàbá wa a máa sá bátìrì rédíò sóòrùn kí ìròyìn alẹ́ má bàa fò ó. Ooru a dẹ ìdíwọ́ inú rẹ̀, a sì tún rí nǹkan gbé fúngbà díẹ̀.

Mo gbà pé "agbára iná" ti borí. Láti Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, títí dé ìsọ̀ aṣájì, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iye tí mítà kà, ẹ pè é ní fólítì, ká fi yẹ́ Volta ará Ítálì, tó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní 1800, sí. Àtakò nìkan ni n kò gbà. Ti àwọn olóṣèlú nìyẹn. Bí ẹ bá sì ń ra bátìrì tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n ta sítátà lójú yín kí ẹ tó sanwó.