Pé, Lé, Tó: Ibo Ni Ẹni Ọgbọ̀n Ọdún Yóò Wọ̀?

Ẹ wo ìwé ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń gbé kiri ọjà nígbà pírójẹ́ẹ̀tì wọn. Níbi ọjọ́ orí, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ báyìí: "láàárín 20 sí 30", "láàárín 30 sí 40", "láàárín 40 sí 50". Àṣìṣe gírámà wà níbẹ̀, àṣìṣe ìṣirò sì fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

"Láàárín" kì í bá "sí" rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di bárakú lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. "Àti" ni ìkejì rẹ̀: láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. "Láti" ló ni "sí" àti "dé": láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ní òun ń gbé láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, a lè wá a lọ sí Fìdítì. Kò sẹ́ni tí yóò wá a dé Dùgbẹ̀ nínú Ìbàdàn. Àmọ́ bó bá ní òun ń tajà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ìlú méjèèjì ti wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá mú ẹni tó pé ọgbọ̀n ọdún gbáko. Tí ẹ bá kọ "láàárín 20 àti 30, láàárín 30 àti 40", kò níbi tí yóò wọ̀. Tí ẹ bá kọ "láti 20 dé 30, láti 30 dé 40", ilé méjì ló ní.

Ọ̀rọ̀ tó ń pa ààlà ò wọ́n wa. "Ó ti pé ọgbọ̀n": ó ti dé orí rẹ̀. "Ó ti lé ní ọgbọ̀n": ó ti kọjá rẹ̀. "Kò tíì pé ọgbọ̀n": ẹni ọgbọ̀n ọdún kò sí lára wọn. "Tó" ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ẹni tó bá ní nǹkan "tó bí ọgbọ̀n" ń fojú bù ú ni. Nítorí náà, "ẹni tó ti pé ogún àmọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n" ló péye. Ó gùn, mo gbà. Lórí ìwé, "20 sí 29" náà tó.

Kọ̀ǹpútà náà ò lè sá fún ìbéèrè ibi tí ẹni ọgbọ̀n ọdún yóò wọ̀. Bí a bá ti kó ìdáhùn sínú rẹ̀, yóò ka iye èèyàn tó wà ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sínú àtẹ, yóò sì ya histogram, àwòrán olópòó tí onímọ̀ ìṣirò Karl Pearson fún lórúkọ ní nǹkan bí 1895. Àwọn òpó rẹ̀ máa ń fara kan ara wọn, torí ibi tí ìsọ̀rí kan parí sí ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí ààlà gan-an, ẹ̀gbẹ́ kan la gbọ́dọ̀ tì í sí. Ẹ̀gbẹ́ wo?

Ká ní èèyàn mẹ́wàá dáhùn: 22, 25, 28, 30, 30, 30, 34, 35, 36, 38. Ẹ fi ààlà sí 20, 30 àti 40. Bí ẹ bá lo R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, láìyí nǹkan kan padà, òpó àkọ́kọ́ yóò ní èèyàn 6, èkejì 4, torí "kò tíì lé" ni R ń lò. Bí ẹ bá lo NumPy, irinṣẹ́ ìṣirò inú èdè kọ̀ǹpútà Python, yóò di 3 àti 7, torí "kò tíì pé" ni tirẹ̀. Ìdáhùn kan náà, àwòrán méjì tó yàtọ̀ pátápátá.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì ti bèèrè ọjọ́ orí nílẹ̀ wa mọ̀ pé iye tó parí sí òdo tàbí àrún ló ń pọ̀ jù lẹ́nu èèyàn. Ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja. Bí kò bá kọ́kọ́ bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ọjọ́ orí òun ṣe, yóò ní, "Mo ti lé ní àádọ́ta." Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ 50 sílẹ̀, R á sì jù ú sí ìsọ̀rí 40 sí 50. Ìyá fẹnu ara rẹ̀ sọ "lé", wọ́n kọ "pé" fún un, ẹ̀rọ wá kà á mọ́ àwọn tí kò tíì kọjá àádọ́ta.

Ẹ kọ `right = FALSE` sínú àṣẹ R, yóò gbé ìyá náà lọ sí ìsọ̀rí tó kàn. Èyí tó kù, ẹnu lẹ ó fi ṣe é: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mélòó lẹ fi lé?"