Kí Omi Tó Dé

Orí ilẹ̀ oníyanrìn tóóró ni ìlú Kútọnu wà. Òkun wà ní ìhà gúúsù rẹ̀, ọ̀sà Nokoué wà ní ìhà àríwá. Ní ọdún 1885, àwọn Faransé gbẹ́ ọ̀nà omi láti inú ọ̀sà náà já sí òkun. Ọ̀nà omi yìí ló pín ìlú sí méjì títí di òní. Bí ẹ bá dúró ní Ladji tàbí Vossa, ní etí ọ̀sà, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ.

Òjò máa ń rọ̀ ní ìgbà méjì lọ́dún ní Kútọnu: láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, àti láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò ìlú nìkan ló ń wọlé bá ènìyàn. Odò Ouémé ń ṣàn bọ̀ láti ìhà àríwá. Ìrìn rẹ̀ lé ní 500 kìlómítà kó tó wọ inú ọ̀sà Nokoué. Òjò tó rọ̀ lọ́hùn-ún ní oṣù kẹjọ ń bọ̀ lójú odò, díẹ̀díẹ̀. Oòrùn lè máa ràn ní Kútọnu, kí aṣọ tí a sá ti gbẹ, síbẹ̀ kí omi máa gòkè lẹ́yìn ilé.

Ọdún 2010 ni ojú rí i jù. Òjò pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Benin, odò kún kọjá etí. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 77 tó wà ní orílẹ̀-èdè náà, omi ba nǹkan jẹ́ ní 55. Ènìyàn 46 kú. Àwọn tí omi ṣe ní jàǹbá tó 680,000. Ilé wó, àgbàdo rà nínú abà, ewúrẹ́ àti adìyẹ bá omi lọ. Ní Kútọnu, àrùn onígbáméjì tún jà ní ọdún kan náà.

Omi odò kì í dédé dé. Ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan lọ́nà. Nítorí náà, ẹni tó wà ní òkè odò lè ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀. Ní ilẹ̀ Tógò, lẹ́bàá odò Mono tó jẹ́ ààlà wọn pẹ̀lú Benin, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ń lo òpó tí a kùn ní àwọ̀ mẹ́ta. Bí omi bá wà ní àwọ̀ ewé, kò séwu. Bó bá dé àwọ̀ ìyeyè, kí ènìyàn múra. Bó bá kan pupa, kí gbogbo ènìyàn kúrò. Ẹni tó ń wo òpó náà yóò fi fóònù pe àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò. Òpó, ọ̀dà àti fóònù kan: àdúgbò tí kò lówó pàápàá lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe nígbà tí ìròyìn bá dé? Ẹ jẹ́ kí a wo ìpàdé àdúgbò kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, ṣùgbọ́n ó jọ èyí tí gbogbo wa mọ̀.

Olórí àdúgbò béèrè pé: “Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí omi bá dé lóru òní, níbo la ó sá lọ?”

Ọkùnrin kan dáhùn: “Bàbá, ilé-ìwé ni.”

Ìyá ẹlẹ́ja kan dìde. “Ẹ má bínú, bàbá. Ilé-ìwé yẹn gan-an ni omi kọ́kọ́ wọ̀ ní èṣí.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Wọ́n wá yan ọgbà ilé ìjọsìn tó wà lórí ilẹ̀ gíga.

Ìyá náà kò tíì jókòó. “Ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn ọjà kò lè rìn mọ́. Ta ni yóò gbé wọn?”

“Àwọn ọmọ wa yóò gbé wọn.”

“Ọmọ ta?”

Gbogbo ilé dákẹ́. Kò sí ẹni tó lè dárúkọ ẹnì kan.

Níbi “ọmọ ta” yẹn gan-an ni ètò ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ní gbogbo wa ni yóò gbé ìyá, kò sí ẹni tí yóò gbé wọn. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí kò lè dá sá sínú ìwé: arúgbó, aboyún, aláìsàn, afọ́jú, ìyá tó ní ọmọ wẹ́wẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni méjì, nítorí ẹnì kan lè rin ìrìn-àjò. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi, àti ti ẹni tí yóò lu agogo. Kí ìró agogo náà yàtọ̀ sí ti òkú àti ti ìpàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ gbé ìwé náà sí ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta, kí ẹ sì tún un ṣe ní oṣù kẹta lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ilé, ẹ di ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ilẹ̀ àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ so ó le. Tọ́ọ̀ṣì àti àwọ̀n ẹ̀fọn kò gbọdọ̀ jìnnà. Bí omi bá ń wọlé, ẹ pa iná mànàmáná láti ibi mítà nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì gbẹ. Ẹni tó bá ti wà nínú omi kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àgbẹ̀ àfonífojì Ouémé mọ̀ pé ó yẹ kí òun kórè àgbàdo kí omi oṣù kẹsàn-án tó dé. Ohun tí a sábà máa ń gbàgbé ni irúgbìn. Ẹ gbẹ ẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e kọ́ òkè àjà. Nígbà tí omi bá fà, ilẹ̀ yóò dára fún gbígbìn, ṣùgbọ́n ẹni tí irúgbìn rẹ̀ ti rà yóò kàn máa wò ó ni.

N ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó lè má dùn mọ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan ń fi ìdọ̀tí dí ilẹ̀ àbàtà kí wọ́n lè kọ́lé sí i. Omi tó ń gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀ yóò yà sí ilé aládùúgbò, yóò sì gbé ìdọ̀tí náà dání. Ìjọba ti gbẹ́ kòtò omi ńláńlá ní Kútọnu láti ọdún díẹ̀ wá. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kòtò tí a da ìdọ̀tí sí kò lè gbé omi.

Lẹ́yìn àkúnya, omi kànga ló léwu jù, nítorí ṣáláńgá ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ se omi títí yóò fi hó dáadáa, kí ẹ bò ó kó tutù. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po omi iyọ̀ òun ṣúgà fún un: lítà 1 omi mímọ́, ṣíbí kékeré 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Kí ṣíbí má ga lórí. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ìyá má sì dá ọmú dúró. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù. Bí ìgbẹ́ náà bá dà bí omi ìrẹsì, ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa fún un ní omi náà lójú ọ̀nà.

Ẹ jíròrò nínú kíláàsì yín: Níbo ni ilẹ̀ ti ga jù ní àdúgbò yín? Ta ni kò lè dá sá níbẹ̀? Orúkọ ẹni méjì wo ni ẹ ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀?