Ààjà Abẹ́ Òkun

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ń kọ́ èdè Yorùbá ni ó gbà pé ìmọ̀ nípa òkun kò kàn wá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Bọ́lọ́rundúró ni mí, lẹ́bàá ìlú Oǹdó, níbi tí òkun ti jìnnà sí wa. Síbẹ̀ ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti àwọn Ìlàjẹ tí ń gbé etíkun. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi èdè wa ṣàlàyé bí omi wúwo ṣe ń ṣàn lọ sí ibú òkun, tí ó sì ń di ààjà.

Kí ni omi wúwo?

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí a bá da epo pupa sínú omi, epo yóò léfòó nítorí pé ó fúyẹ́ ju omi lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi kò wúwo bákan náà. Bí a bá fi garawa kan náà wọ̀n wọ́n, omi tútù wúwo ju omi gbígbóná lọ. Omi iyọ̀ wúwo ju omi òjò lọ. Omi tí ẹrẹ̀ pò mọ́ sì wúwo ju èyí tí ó mọ́ gaara. Bí oríṣi méjì bá pàdé, èyí tí ó wúwo yóò gba abẹ́ èkejì kọjá.

Báwo ni ó ṣe ń di ààjà?

Ilẹ̀ abẹ́ òkun kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti etíkun, ó kọ́kọ́ dà bíi pèpéle iwájú ilé. Omi orí rẹ̀ kò jìn púpọ̀. Níbi tí pèpéle yìí parí sí ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibú. Bí omi wúwo bá dé etí pèpéle, yóò máa ṣàn sọ̀ kalẹ̀ bí àgbàrá ṣe ń ṣàn láti orí òkè Ìdànrè.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí, yíyí rẹ̀ kò sì jẹ́ kí omi náà lọ tààrà. Ní ìlàjì ayé ti àríwá, ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń yà sí. Ní ti gúúsù, ọwọ́ òsì. Coriolis, ará Faransé, kọ nípa agbára yìí ní 1835. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni omi wúwo ń tọ̀ lọ bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó sì ti ń lọ, ó ń fa omi tí ó wà lókè rẹ̀ gùn. Omi tí a fà gùn a máa tín-ín-rín, yíyí rẹ̀ a sì yára sí i, gẹ́gẹ́ bí oníjó tí ń pòòyì ṣe ń yára nígbà tí ó bá kó apá mọ́ra. Èyí ni mo pè ní ààjà omi.

Àpẹẹrẹ méjì

Láàrin Greenland àti Iceland, omi tútù ń ti àríwá gba orí òkè kan kọjá lábẹ́ omi, níbi tí omi ti jìn tó nǹkan bíi mítà 650. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibú tí ó ju mítà 2,000 lọ. Omi wúwo tí ń kọjá níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 3. Ààjà omi a sì máa tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Greenland.

Iyọ̀ ni ti Òkun Mẹditaréníà. Oòrùn ń fa omi rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi gíráàmù 38 nínú kílò omi kan, nígbà tí ti Àtìláńtíìkì lẹ́bàá rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 36. Omi yìí ń gba Gibraltar jáde, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi mítà 1,000. Àwọn ààjà tí ń já kúrò lára rẹ̀ lè rìn nínú Àtìláńtíìkì fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọ̀nà tí a gbà bí wọn tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Nílé wa ńkọ́?

Òkun tiwa lọ́ wọ́ọ́rọ́, òjò àti odò sì ń bu omi tí kò níyọ̀ sí i. Nítorí náà omi orí rẹ̀ fúyẹ́. A tún sún mọ́ agbedeméjì ayé, níbi tí agbára Coriolis kò ti pọ̀. Irú ààjà ti Greenland kọ́ ni a ó máa retí létíkun wa. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni ó ń sọ omi tiwa di wúwo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, omi ẹlẹ́rẹ̀ rọ́ gba àfonífojì abẹ́ òkun tí ó wà lẹ́nu odò Kóńgò, ó sì rìn ju kìlómítà 1,100 lọ. Ó já okùn WACS àti SAT-3, tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Àfonífojì abẹ́ òkun wà nítòsí wa náà: Avon àti Màhìn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣàlàyé pé iyanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn ń ṣubú sínú àfonífojì, tí ó fi jẹ́ pé ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ jù létíkun Màhìn. Ẹrẹ̀ kò sì lè dá ìgbì dúró bí iyanrìn. Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó ní 1947, wà létíkun yìí, òkun sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Àfonífojì nìkan kọ́ ló fà á: ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, òkun sì ń ga sí i.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n báwo ni onílé yóò ṣe kọ ohun tí kò yé e? Láti 1970 ni ètò Ifẹ̀ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ kù fún àwa tí a ń ka èdè yìí ní yunifásítì. Pèpéle, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ààjà, ọ̀rọ̀ ilé wa ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó sàn ju ààjà omi lọ, kí ó mú un wá, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.