NÍPA ÀYẸ̀WÒ HIV ÀTI ÀNÍYÀN TÍ Ń ṢÁÁJÚ RẸ̀

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń tọ̀ wá nígbà tí ọ̀ràn kò ṣeé sọ nílé, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí jẹ́ nípa ẹrù kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rù ní ìkọ̀kọ̀. Ẹnìkan bá ẹni tí kì í ṣe aya tàbí ọkọ rẹ̀ lò pọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣèèṣì fi abẹ́rẹ́ tí a ti lò gún ara rẹ̀ ní ìka. A fi ipá bá ọmọbìnrin kan lò pọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, oorun a dá lójú rẹ̀, oúnjẹ a sì korò lẹ́nu rẹ̀. Kí ni kí a wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Kí a kọ́kọ́ bi í ní ìgbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Bí kò bá tí ì kọjá wákàtí 72, kí ó má ṣe jókòó rò ó rárá. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní PEP, tí a ń lò lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 28, tí ó lè dènà kòkòrò HIV kí ó má baà ta gbòǹgbò nínú ara. Bí a bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Lẹ́yìn wákàtí 72 a kì í sábà fún ni mọ́. Ó dùn wá pé ìtìjú a máa jẹ ọjọ́ mẹ́ta wọ̀nyí tán.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò tí a ṣe lọ́jọ́ kejì dára, nítorí ó ń fi ipò tí ara wà tẹ́lẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohunkóhun nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá. Kòkòrò náà lè wà nínú ara kí àyẹ̀wò má tí ì rí i. Àyẹ̀wò ìgbàlódé tí a fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti iṣan apá lè rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Èyí tí a gún ìka fún lè pẹ́ tó ọjọ́ 90. Ẹni tí ó lo PEP yóò tẹ̀lé ọjọ́ tí oníṣègùn bá dá fún un. Kí ó sàmì sí ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà, kí ó má sì máa ti ilé àyẹ̀wò kan bọ́ sí òmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìdúró yìí ni ó nira jù. Bí ibà bá mú un, a ní àmì ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni ibà kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa, ẹ̀rù nìkan pàápàá sì tó láti mú àyà já àti inú rú. Kò sí ẹni tí ó lè fi ibà tàbí ọ̀fun dídùn mọ HIV. Kí ó rántí pẹ̀lú pé nínú 10,000 ìgbà tí abẹ́rẹ́ tí a fi gún ẹni tí ó ní àrùn náà bá gún oníṣẹ́ ìwòsàn, nǹkan bí 23 péré ni a ṣírò pé àrùn náà ń ràn. Kí ó wá ẹnìkan ṣoṣo tí ó lè pa àṣírí mọ́, kí ó sọ fún un. Kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Títí ọjọ́ yóò fi pé, kí ó máa lo rọ́bà ìdáàbòbò pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, kí ó má sì fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí yóò fi sá fún àwo oúnjẹ ilé rẹ̀, tàbí fún ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, nítorí HIV kì í gba ibẹ̀ ràn. Bí ó bá sì ń ro láti pa ara rẹ̀ lára, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan; kí a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn lọ́jọ́ náà.

A kò fẹ́ràn orúkọ náà, “àrùn kògbóògùn.” Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Fela Aníkúlápó-Kútì kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera rí, kéde ní gbangba pé éèdì ni ó fa ikú rẹ̀. Ọmọ àlùfáà ìjọ wa, tí í ṣe olùkọ́ pẹ̀lú, ni àwọn méjèèjì. Nígbà náà, oògùn kò tí ì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín. Lónìí, oògùn kò tí ì lè lé kòkòrò náà kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lò ó déédéé lè dàgbà darúgbó. Bí kòkòrò náà bá sì dínkù títí àyẹ̀wò kò fi lè kà á mọ́, kò ní ràn nípa ìbálòpọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé, bí àyẹ̀wò bá ní kò sí, ọ̀ràn náà ti parí. Kí ó má tún un yẹ̀ wò nítorí ẹ̀rù. Bí ó bá ní ó wà, a óò fi àyẹ̀wò mìíràn jẹ́rìí sí i kí a tó gbà á, oògùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Lọ́jọ́ náà, kí ẹni tí ó sọ àṣírí fún bá a lọ, kí ó jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi jáde.