Igi Àgbálùmọ̀ àti Ilẹ̀ Ọ̀tà

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Síbẹ̀, igi kan lè kọ́ni ní ẹ̀kọ́ púpọ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ igi àgbálùmọ̀ wò, pàápàá bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ Àwórì ní Ọ̀tà.

Orúkọ rẹ̀
Ọsàn ni Yorùbá ka àgbálùmọ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọsàn mímu. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko kò pín in bẹ́ẹ̀. Ìdílé Sapotaceae ni wọ́n fi í sí, níbi tí àgbáyun àti igi ẹmi tí a ń rí òrí lára rẹ̀ wà. Chrysophyllum albidum ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù. Albidum túmọ̀ sí ohun tí ó funfun díẹ̀. Bí a bá yí ewé rẹ̀ padà, a ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ ń dán bíi fàdákà. Udara ni Ìgbò ń pè é. Agwaluma tí Haúsá ń pè é sì jọ tiwa létí.

Èso àti pákó rẹ̀
Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni èso rẹ̀ máa ń pọ̀ lọ́jà. A kì í sábàá ká a. Bí ó bá pọ́n, á já bọ́ fúnra rẹ̀, a ó sì ṣà á nílẹ̀. Oje rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ètè, àwọn ọmọdé a sì máa jẹ èèpo rẹ̀ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Bí a bá là á ní ìbú, kóró rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún, a tò bí ìràwọ̀.

Igi náà lè ga ju mítà 25 lọ. Pákó rẹ̀ dára fún ẹ̀rúkọ́ àti èèkù àdá, ṣùgbọ́n bí ó bá kan ilẹ̀, kì í pẹ́ jẹrà. Nítorí náà, ẹni tí ó gé e láti fi ṣe òpó pàdánù èso ọdọọdún, òpó náà kò sì ní tọ́jọ́.

Ewu tí ó wà
Ní Ṣàngó ni ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti yà lára ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé ti gba ọ̀pọ̀ oko ní agbègbè yìí. A kì í sábàá gbin àgbálùmọ̀ lọ́pọ̀ bíi kòkó. Ó ń hù fúnra rẹ̀, àgbẹ̀ tí ń ro oko a sì dá a sí. Katapílà kì í dá igi sí.

Bí a bá gbin kóró rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni a ó fi dúró kí ó tó so. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ́ ẹ̀ka igi tí ó ti ń so mọ́ igi kékeré, ìdúró náà á dín kù. Àyè wà fún un nínú ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ àti ti yunifásítì bíi Covenant (2002) àti Bells (2005), tí wọ́n wà ní Ọ̀tà.

Àgbálọgbábọ̀
Orúkọ Ìdí-Ìrókò fi hàn pé igi ni àwọn baba wa fi ń mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ igi tí ó wà ní oko wọn, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Kí ẹ tó padà wá, ẹ gbin kóró àgbálùmọ̀ kan sí ẹ̀yìnkùlé.