Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé: Bí Ilẹ̀ Bá Mì

Kíkà: Ìṣe àwọn Àpósítélì 16:25–28

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin arábìnrin wa ọ̀wọ́n, àwa tí a ń gbé ní Aswani, Òkè-Àfà àti Ẹ̀jìgbò kò lè gbàgbé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, 27 January, 2002. Ilẹ̀ mì, gíláàsì fèrèsé fọ́, ojú ọ̀run pọ́n. Àwọn kan ní ogun dé, àwọn kan ní ayé parí. Àṣé àdó olóró tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà ló ń bú. Àwọn tó kú ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni àdó kankan kò ba púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń sá lọ nínú òkùnkùn ni, wọ́n sì kó sínú kànáà Òkè-Àfà, nítorí ewéko tó bo omi náà jẹ́ kó dà bí ilẹ̀ lójú wọn.

Ìyẹn kì í ṣe ìmìtìtì ilẹ̀, èyí tí Bíbélì wa ń pè ní ìsẹ̀lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ìsẹ̀lẹ̀ gan-an jẹ́, kí a má baà tún sáré bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí igbá tó fọ́, tí a to àfọ́kù rẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èèpo ayé rí: ègé àpáta ńláńlá ni, òmíràn fẹ̀ ju gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lọ. Abẹ́ wọn gbóná, àpáta ibẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀, nítorí náà wọ́n ń rìn. Ìrìn náà kò yá ju bí èékánná ṣe ń hù lọ. Tiwa ń rìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ́dún. Níbi tí ègé méjì ti ń gbún ara wọn, wọ́n lè há mọ́ra fún ọdún pípẹ́, kí agbára máa kó jọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá já, ilẹ̀ á mì. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ilẹ̀ Tọ́kì ní February 2023, tí ó ju 50,000 ènìyàn lọ tó kú, púpọ̀ nínú wọn lábẹ́ ilé tó wó.

Nàìjíríà jìnnà sí etí ègé tiwa. Àárín òkun Àtìláńtíìkì ni etí rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn wà. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi máa ń kéré. Ṣùgbọ́n ojú àfọ́ àtijọ́ wà nínú àpáta ìhà ọ̀dọ̀ wa náà. Ní 22 June, 1939, ilẹ̀ mì ní Accra, ó wó ilé, ó pa ènìyàn, àwọn ará Èkó sì mọ̀ ọ́n lára. Ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ní Abẹ́òkúta ní 2009, ní Mpape l'Ábùjá ní 2018. Ẹni tó bá ní kò lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kó lọ bi àwọn àgbà Ìjẹ̀bú.

Bí ẹ bá wà nínú ilé, ẹ má sáré sí àtẹ̀gùn. Ẹ kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì tó lágbára, ẹ fi ọwọ́ kan bo orí àti ọrùn, ẹ fi èkejì di ẹsẹ̀ tábìlì mú títí yóò fi dáwọ́ dúró. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú ọjà Aswani, ẹ kúrò lẹ́bàá béèlì òkìríkà tí wọ́n tò ga àti lábẹ́ wáyà iná, ẹ fa àwọn ọmọ mọ́ra. Bó bá rọlẹ̀, ẹ pa gáàsì, ẹ má ṣáná, kí ẹ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó lè tún mì.

Nínú kíkà wa, a kò gbọ́ pé ìsẹ̀lẹ̀ náà pa ẹnì kankan. Ìpayà ló mú kí onítúbú fa idà yọ sí ara rẹ̀. Ohùn Pọ́ọ̀lù ló dá a dúró.

Fún ìjíròrò: Bí a bá jókòó ní ìpàdé, ilẹ̀kùn mélòó ló máa ń ṣí sílẹ̀, ta sì ni kọ́kọ́rọ́ èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ilẹ̀ bá mì, ta ni yóò ké sí àwọn yòókù pé kí wọ́n má sáré, ta ni yóò sì di àwọn ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn mú?